Róbó Tí Màmá Dín

Ìjà tọkọtaya nínú apartment ìlú Houston kì í ṣe ìjà ẹni méjì. Ògiri ibẹ̀ kò nípọn. Bí ẹnìkan bá sín ní yàrá kejì, o lè sọ fún un pé "pẹ̀lẹ́" láì dìde lórí ibùsùn rẹ. Nítorí náà, nígbà tí Olúdọ̀tun àti Bùnmi ìyàwó rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ní kùtùkùtù ọjọ́ Tuesday yẹn, kò sí ohun tí wọ́n sọ tí ìyá Olúdọ̀tun kò gbọ́ níbi tó jókòó sí ní pálọ̀. Màmá ni gbogbo ilé ń pè é. Ó káwọ́ mọ́ra, ó ń wo ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lójú fèrèsé bíi pé ó ń retí àlejò.

"Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò," ni Olúdọ̀tun ń wí. "Wọ́n kán gbogbo nǹkan sí i lẹ́yìn níṣojú ẹ. Kò sí èyí tó wú níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn ní kì í ṣe allergy. Kí lo tún ń wá?"

"Mò ń wá ohun tó ń fún ọmọ mi lọ́rùn."

"Inú ìkòkò ìyá mi lo ti ń wá a?"

"Daddy Tóyìn, mi ò dárúkọ Màmá o."

"O ò dárúkọ wọn. O kàn ya abọ́ ọmọ sọ́tọ̀, o ya ṣíbí rẹ̀ sọ́tọ̀. Ìyá mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ ara wọn bu òkèlè sẹ́nu ọmọ ọmọ wọn. Ṣé o rò pé wọn ò lójú ni?"

"Nígbà tó ń lọ sí daycare, ṣé ó ṣe é níbẹ̀ rí? Ilé yìí ló ti ń ṣe é. Oúnjẹ wa ni. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ wa ni. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà míì."

"Pẹ̀lú insurance ta?" Olúdọ̀tun béèrè.

Ọ̀rọ̀ insurance kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fà gùn nílé náà. Ọdún 1986 ni, ọdún tí epo rọ̀bì di yẹpẹrẹ lọ́jà ayé, tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo ní agbègbè Westchase ń tú èèyàn síta bí ẹni ń gbọn ìyẹ̀fun dànù nínú asẹ́. Olúdọ̀tun wà lára àwọn tí wọ́n gbọ̀n dànù, insurance tó ń sanwó dókítà fún wọn sì bá iṣẹ́ náà lọ. Ẹni tó ń wọ táì gun ẹ̀rọ agbéniròkè tẹ́lẹ̀, ìlú La Porte ló ń wakọ̀ lọ báyìí, tó ń dé akoto, tó ń ṣe iṣẹ́ ojúmọ́ nídìí páìpù. Kò ráhùn lójú ìyá rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Tóyìn, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ni ìjà náà dá lé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni nǹkan kan ti kọlù ú látìgbà tí Màmá ti ti Abẹ́òkúta dé. Ètè rẹ̀ á wú, ara rẹ̀ á lé kúlekùle, lẹ́yìn náà ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé bó ti ń mí. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Èwo nínú oúnjẹ náà ni? Ìkòkò ọbẹ̀ Yorùbá kì í gba nǹkan kan ṣoṣo. Ata wà níbẹ̀, irú wà níbẹ̀, edé, ẹja gbígbẹ, ẹ̀gúsí, pọ̀nmọ́, gbogbo wọn ti wọnú ara wọn, kò sẹ́ni tó lè pe ọ̀kan jáde wá jẹ́jọ́.

Dókítà tí wọ́n gbé e lọ bá to ìgò wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ó kán omi inú wọn sẹ́yìn ọmọ, ó sì fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tọ́ ojú ibi tó kán an sí. Bí ara bá kọ oúnjẹ kan, ojú ibẹ̀ a wú. Ìgò ẹ̀pà wà níbẹ̀, ti mílíìkì, ti ẹyin, ti àlìkámà, ti ẹja, ti edé. Ẹ̀yìn Tóyìn dán gbinrin bó ti wà. Ohun tí ọmọ òyìnbó ń jẹ ni wọ́n rọ sínú ìgò, òun náà ni wọ́n sì wá lára ọmọ Ẹ̀gbá. Kò sẹ́ni tó bi Bùnmi pé, ìyá, kí lẹ ń sè nílé yín? Ó gbìyànjú àtisọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń fẹ́ tọ́ oúnjẹ Áfíríkà wò lọ́jọ́ kan, ó sì pe ẹni tó kàn. Wọ́n ní bóyá eruku ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dá ọmọ àlejò padà sílé pé kò ṣe é ní nǹkan kan, tí ìyá rẹ̀ á sì máa fi etí sí èémí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Nígbà tí Bùnmi fẹ́ jáde lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Medical Center, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ Tóyìn wà nínú fíríìjì. Ìrẹsì àti adìyẹ, inú abọ́ pupa. Òun nìkan ni kó jẹ, mà."

"Mo ti gbọ́, ìyàwó mi."

"Òun nìkan, mà."

"Mo ní mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Bó ṣe wọ̀ ọ́ lára ni kò sọ. Obìnrin tó tọ́ ọmọ márùn-ún, tí kò sin ọ̀kankan, ni wọ́n ń sọ fún nípa abọ́ pupa. Ṣùgbọ́n Màmá kì í ṣe ẹni tó ń bá ìyàwó ọmọ jà. Ó gbà á, ó gbé e mì, ọ̀rọ̀ náà sì jókòó sí i láyà.

Olúdọ̀tun ló jáde kẹ́yìn. Ó ti kọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìka kó tó yíjú padà, tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ tọrọ nǹkan.

"Màmá, ṣé ẹ̀gúsí tí ẹ gbé ti ilé wá yẹn ṣì kù?"

"Ó kù díẹ̀. Ọbẹ̀ lo fẹ́?"

"Róbó ni. Láti àárọ̀ àná ni ẹnu mi ti ń wá a. Mo gbọ́ òórùn nǹkan kan lẹ́bàá ilé-iṣẹ́ lọ́hùn-ún, ó kàn ṣe mí bíi pé Ìbarà ni mo wà."

Inú Màmá dùn gan-an. Láti ìgbà tó ti dé, kò sẹ́ni tó tọrọ nǹkankan lọ́wọ́ rẹ̀. Omi gbígbóná wà nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń fọ aṣọ, ẹ̀rọ ń fọ abọ́, wọ́n á ní Màmá ẹ jókòó, ẹ sinmi. Ìsinmi náà fẹ́ẹ̀ pa á. "Máa lọ," ó ní, "wàá bá a níbí." Róbó ló dín títí tí ọmọ yìí fi kàwé jáde, kò sí ọmọ iléèwé kan ní gbogbo àdúgbò wọn ní Ìbarà tí kò jẹ ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ó ń po ẹ̀gúsí lílọ̀ mọ́ ata àti àlùbọ́sà lọ́wọ́ nígbà tí Sìkírátù kan ilẹ̀kùn. Òkè wọn gan-an ni Sìkírátù ń gbé, ó ń dirí fún àwọn obìnrin wa nínú pálọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń dirí fún èèyàn, òun ló ni orí onítọ̀hún fún odidi ọ̀sán, àti gbogbo ohun tó wà nínú orí náà. Kò jókòó. Ó ní iyọ̀ lòun wá tọrọ.

"Màmá, ẹ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ń wo tẹlifíṣọ̀n ní yàrá. Iyọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ yẹn."

Sìkírátù mú iyọ̀, kò lọ. "Màmá, ẹ má bínú o. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ níta ni. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ìyàwó yín ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ń gbààwẹ̀ lórí Tóyìn."

"Ọlọ́run á gbọ́ tiwọn. Ààwẹ̀ dára."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ààwẹ̀ dára." Sìkírátù rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ohun tí wọ́n ń sọ nídìí ààwẹ̀ náà ni kò dára. Wọ́n ní ọmọ yẹn ò ṣàìsàn rí kí ẹ tó dé. Wọ́n ní... ẹ ṣáà mọ ohun táwọn èèyàn ń sọ bí ìyá ọkọ bá ti ilé dé."

Màmá ń po ẹ̀gúsí rẹ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe òun ni wọ́n ń pa á mọ́. Ó fún ẹ̀gúsí pọ̀ títí òróró fi ń yọ láàárín ìka rẹ̀.

"Ìyàwó mi ńkọ́?" ó béèrè nígbẹ̀yìn. "Òun náà sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá Tóyìn ò sọ nǹkan kan rárá. Ó kàn ń sunkún."

Ìyẹn ló dun Màmá jù. Ẹni tó bá bínú, èèyàn á bẹ̀ ẹ́. Kí lèèyàn ń ṣe fún ẹni tó dákẹ́? Ó ti ń rí i lójú Bùnmi tẹ́lẹ̀ bó bá ń kúnlẹ̀, bó bá ń rẹ́rìn-ín, pé ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí kò lè bi ìyá ọkọ rẹ̀. Bí ìbéèrè náà bá ti lè jáde lẹ́nu, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì fún Màmá, á sì padà sí Ìbarà pẹ̀lú orúkọ tí kò bá wá.

Sìkírátù gbé iyọ̀ rẹ̀ lọ. Màmá gbé òróró tó fún jáde kaná, ó ń yí ẹ̀gúsí ní róbótó róbótó, ó ń jù wọ́n síbẹ̀. Òórùn náà gba ilé ìdáná, ó gba pálọ̀. Àárò ilé sọ ọ́ gan-an. Ó gbọ́ agogo iléèwé. Ó rí àwọn ọmọ tí wọ́n fi eruku pupa para dé orókùn, tí wọ́n ń nawọ́ sí i, ìyá oníróbó, témi, témi, tí òun sì ń lé wọn bíi pé òun ń bínú. Ibí yìí, ọmọ kan ṣoṣo ló wà, ọmọ tirẹ̀, kò sì nawọ́ sí i rí.

Ọmọ náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó gbé ọmọláńgidi rẹ̀ há abíyá, ó ń wo inú àwo.

"Àwẹ̀ró mi," Màmá pè é ní oríkì tí òun fúnra rẹ̀ fún un. "Wá. Wá wo ohun tí bàbá rẹ fi dàgbà."

Tóyìn wá. Màmá mú ẹyọ róbó kan, ó fẹ́ ẹ títí ó fi tutù, ó nà án sí i. Ọmọ náà wo róbó, ó wo Màmá, ó sì kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ ṣé, Màmá," ó ní, pẹ̀lú ohùn ọmọ Amẹ́ríkà. "Mo ti yó."

Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ gbólóhùn yẹn? Bí o bá bá wọn nídìí oúnjẹ nílé onílé, tí wọ́n ní kí o wá jẹun, wàá kúnlẹ̀, wàá ní ẹ ṣé, mo ti yó, bí ebi tilẹ̀ ń họ ọ́ níkùn. Onílé náà mọ̀ pé irọ́ ni. Á rẹ́rìn-ín, á ní ìyá rẹ kọ́ ẹ dáadáa, á sì bù ú fún ọ lápọ̀jù. Bùnmi ti ronú títí lórí ọ̀rọ̀ tí ọmọ kékeré lè fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ àgbàlagbà láì yájú, èyí ló sì rí. Kò ronú dé ibi pé láàárín àwọn tirẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ti ilẹ̀kùn oúnjẹ. Òun ló ń ṣí i.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa Màmá. Lẹ́yìn náà ó dùn ún. Gbólóhùn ilé onílé ni ọmọ yìí ń sọ fún òun. Ta wá ni onílé níbí? Ṣé òun tó bí bàbá rẹ̀ ti di ará ìta tí ọmọ ń ṣojú ayé fún?

"Nílé onílé la ti ń yó," ó wí jẹ́jẹ́. "Màmá ẹ nìyí. Lọ́dọ̀ Màmá, èèyàn kì í yó. Yanu."

Abọ́ pupa wá sí i lọ́kàn, kò ṣàì wá. Ó rántí pẹ̀lú pé Olúdọ̀tun ní dókítà ò rí nǹkan kan. Ó rántí ohun tí wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìbínú sì ràn án lọ́wọ́: kí ọmọ jẹ ẹ́ lọ́wọ́ mi, kí ara rẹ̀ le, kí gbogbo wọn rí i. Tóyìn yanu. Ó rún un wò, ojú rẹ̀ là.

"Ó dùn," ó ní, ó sì nawọ́.

Ọwọ́ kékeré tó nà yẹn, Màmá ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọkọ̀ òfúrufú. Ó fún un ní òmíràn.

Kò pẹ́ rárá. Epo ṣì ń hó lórí iná nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín ha ahọ́n, tó ní ẹnu ń yún òun. Màmá fún un lómi. Kí omi tó tán nínú ife, ètè òkè ti wú bo ti ìsàlẹ̀, ara ọrùn rẹ̀ sì ti lé kúlekùle. Tóyìn bì, ó fẹ́ sunkún, kò rí èémí tó máa fi sunkún. Ohùn fèrè yẹn bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀fun rẹ̀. Màmá pa iná, ó gbá a mọ́ àyà, ó gun àtẹ̀gùn òkè láì wọ bàtà, ó ń fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn Sìkírátù.

Ká sọ òótọ́, Sìkírátù ò bèèrè ọ̀rọ̀. Ó fi orí ẹni tó ń dì sílẹ̀ ní àbọ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lórí freeway bí ẹni tí kò ní ọmọ nílé. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Màmá wà pẹ̀lú ọmọ lórí itan, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, tó ń pè é, Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró, má sùn o. Ètè ọmọ náà ti ń ṣe bí aró.

Sìkírátù wò wọ́n nínú dígí. "Màmá, kí ló jẹ?"

Màmá gbọ́ ìbéèrè náà. Ó gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú, gbogbo pálọ̀ àti gbogbo orí tí wọ́n máa dì lọ́sẹ̀ yẹn.

"Kò jẹ nǹkan kan," ó ní. "Ìrẹsì rẹ̀ ni."

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ nítan, wọ́n fi nǹkan bò ó nímú pé kó máa mí, wọ́n tún gún un. Sìkírátù ti lọ fi fóònù pe Bùnmi àti Olúdọ̀tun níbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè bá Màmá sọ̀rọ̀, òun náà kò lè bá wọn sọ. Ó dúró mọ́ ògiri láì wọ bàtà, ó ń ka ìmí ọmọ. Díẹ̀díẹ̀, ohùn fèrè náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Nígbà tí Bùnmi fi máa sáré dé láti ibi iṣẹ́, ọmọ ti lajú, ó ti rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó wà.

Bùnmi dì mọ́ ọmọ rẹ̀ pẹ́. Dókítà tó wà nídìí bẹ́ẹ̀dì jẹ́ obìnrin kan tó ti ń darúgbó díẹ̀, gíláàsì rẹ̀ so mọ́ ọrùn. Ó ní oúnjẹ ni, kò sí àníàní. Ó ní kí wọ́n sọ ohun tó jẹ fún òun.

"Ìrẹsì àti adìyẹ," Bùnmi dáhùn. "Èmi ni mo sè é. Kò jẹ nǹkan míì. Àbí, Màmá?"

Màmá yíjú kúrò lójú rẹ̀. Sìkírátù jókòó sórí àga lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ilẹ̀.

"Ó ti jẹ ẹ́ rí?" dókítà tún béèrè.

"Ojoojúmọ́ ni."

Dókítà mi orí. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ò mọ ohun tó jẹ́ o. Àwọn á ṣe ìtọ́jú rẹ̀, àwọn á sì dá a padà sílé, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu òun: bó bá tún ṣẹlẹ̀, ó lè má dé ilé ìwòsàn. Bùnmi tú u sí Yorùbá fún ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó kàn ń wò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Bí Màmá bá dákẹ́, orúkọ rẹ̀ á wà bó ṣe wà, ọmọ á sì lọ sílé pẹ̀lú ikú tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, a fẹ́ sun ún jẹ, òun fúnra rẹ̀ ló ń fepo para lọ sídìí iná, níṣojú Sìkírátù. Ó wo ọmọ náà. Wọ́n ti lẹ nǹkan mọ́ ọn níbi gbogbo.

"Bùnmi," ó ní. Kò pè é ní ìyàwó mi. "Kò jẹ ìrẹsì. Róbó ni mo fún un. Ó sọ fún mi pé òun ti yó, mo ní kó yanu."

Bùnmi kò pariwo. Ojú rẹ̀ kàn ṣófo, lẹ́yìn náà ló tú u fún dókítà. Dókítà gbé gíláàsì rẹ̀ sójú. Kí ni róbó? Kí ni wọ́n fi ń ṣe é?

"Ẹ̀gúsí ni," Màmá dáhùn. "Ata, iyọ̀, àlùbọ́sà. Òróró ara ẹ̀gúsí náà la fi ń dín in. Tán."

"Ọmọ ń jẹ ata àti àlùbọ́sà tẹ́lẹ̀?"

"Ó ń jẹ ẹ́," Bùnmi wí. Ohùn rẹ̀ ti ń yí padà. "Ó ń jẹ gbogbo ìyẹn. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni mo sè lọ́jọ́ kejì tí Màmá dé. Ọjọ́ kejì yẹn ló kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀fọ́ rírò ni, mo gbọn ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i kó lè ki." Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Kí Màmá tó dé ńkọ́?" dókítà béèrè.

"Mi ò rí ẹ̀gúsí rà ní Houston. A kì í jẹ ẹ́."

Dókítà ní òun ò gbọ́ orúkọ irúgbìn yìí rí, kò sì sí nínú ìgò oníṣẹ́ ìgò kankan tí òun mọ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ara ọmọ balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n wá gbé díẹ̀ wá nínú ike tí a dé pa, òun fúnra òun á lọ̀ ọ́, á sì fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ lára ọmọ kó lè dájú. Ṣùgbọ́n ó ti dá òun lójú. Láti òní lọ, kó má wọlé wọn. Ó máa fún wọn ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n á máa mú rìn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Màmá, ó sọ nǹkan kan.

"Ó ní ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́," Bùnmi túmọ̀.

Màmá yíjú sí ẹnu ilẹ̀kùn. "Sìkírá, o gbọ́ ṣá? Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ọmọ ò ṣàìsàn kí n tó dé. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bó ẹ̀gúsí náà, tí mo dì í, tí mo gbé e gba ojú òkun kọjá. Kí o sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ."

Sìkírátù kò lè gbójú sókè. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní.

Báyìí ni Olúdọ̀tun wọlé pẹ̀lú akoto lọ́wọ́, erùpẹ̀ La Porte ní bàtà. Wọ́n sọ fún un. Ó dì mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n dín in." Bùnmi wò ó. Ìjà òwúrọ̀ ṣì wà nílẹ̀ láàárín wọn, ó lè gbé e níbi tí wọ́n fi í sí, kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí. Kò gbé e. Ó na àga sí i pé kó jókòó.

"Má jókòó," Màmá ní. "Lọ sílé. Da gbogbo rẹ̀ nù, èyí tí mo dín àti èyí tó wà nínú àpò. Fọ agbada náà, fọ gbogbo ibi tí epo ta sí."

"Gbogbo ẹ̀, Màmá?"

Ó gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń bèèrè, ọkàn rẹ̀ sì bà jẹ́ fún un. "Gbogbo ẹ̀. Má tọ́ ọ wò. Bí o bá padà dé, ọmọ á fẹ́ kí o fẹnu kò òun lẹ́rẹ̀kẹ́."

Ó lọ. Ìrọ̀lẹ́ ti ń dé. Wọ́n ní Tóyìn á sun ibẹ̀ mọ́jú, ó lè lọ sílé láàárọ̀. Sìkírátù dìde, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi jáde.

"Ìyá Tóyìn, o ò gbọdọ̀ pa iṣẹ́ jẹ lọ́la, wọ́n lè fi gba iṣẹ́ ẹ. Gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ mi. Màá máa bá ẹ wò ó, lọ́la àti lójoojúmọ́ bí o bá fẹ́." Kò wo ibi tí Màmá wà. Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé.

Màmá tẹjú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó tún ti fọ̀ ọ́, ó ṣì ń gbọ́ òórùn ẹ̀gúsí níbẹ̀. Ó mọ̀ pé bí Bùnmi bá ní kò burú, òun kò ní lè bínú. Òun á kàn máa jókòó nínú pálọ̀ yẹn títí wọ́n á fi ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Bùnmi ń tún aṣọ bò ọmọ. "Ẹ ṣeun, àǹtí," ó ní. "Màmá ló máa dúró tì í. Ẹni tó lè sọ irú ohun tí wọ́n sọ lónìí, irọ́ kankan ò tún lè wà lẹ́nu wọn nípa ohun tí ọmọ mi jẹ."

Sìkírátù kí wọn, ó lọ. Kì í ṣe ọpẹ́ ló jáde lẹ́nu Màmá. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ìrẹsì tó máa ń jẹ yẹn," ó ní, "báwo lo ṣe ń sè é?"

Bùnmi wò ó bóyá ó ń ṣe àwàdà. "Omi lẹ máa kọ́kọ́ gbé kaná, mà."

"Omi tó báwo?"

Bùnmi fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí i, ìgbà tí wọ́n ń dín iná kù. Ìyá ọkọ rẹ̀ tẹ orí síwájú, ó ń tẹ́tí, ó ń tún un pè lẹ́yìn rẹ̀ bí ìyàwó tuntun tó wọlé lánàá, tí kò fẹ́ kí wọ́n lé òun padà.